Bí mo ṣe fi Windows tuntun sórí laptop mi láìsí fláàṣì lọ́wọ́

Ó ti tó ọdún kan tí laptop mi ti ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Màá tàn án, màá lọ wẹ̀, màá padà wá bá àmì róbótó yẹn tó ṣì ń pòyì lójú kan. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń da oríṣiríṣi nǹkan sí i lára, app tí mo lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, antivirus méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà, driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ kan) ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mi ò ní mọ́. Nígbà tí àtìlẹyìn Windows 10 wá parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní kàn ṣe upgrade lé orí ìdọ̀tí yìí o, màá nu gbogbo ẹ̀ kúrò ni, kí Windows 11 bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Mo ti yẹ laptop náà wò, TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè, wà nínú ẹ̀, RAM ẹ̀ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 8GB, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé fláàṣì kan ṣoṣo tí mo ní ti kú, mi ò sì ní external drive kankan. Gbogbo ẹni tí mo bi, ìdáhùn kan náà ni, "lọ wá fláàṣì." Bẹ́ẹ̀ Fúráídè ni, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ ti tán kí Mọ́ńdè tó dé. Mo wá jókòó, mo ń rò ó pé kí ni fláàṣì yẹn ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń sọ pé kò ṣeé ṣe láìsí i?

Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ò ju pé èèyàn ò lè wó ilé tó ṣì dúró sí nínú ẹ̀. Windows tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ò lè pa partition, ìyẹn ìpín disk, tó jókòó lé rẹ́. Ẹ ní láti ríbi dúró sí kí ẹ tó máa wó nǹkan, fláàṣì sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n RAM náà ṣeé dúró sí. Ohun tí mo lo òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti kọ́ nìyẹn, kí n tó mọ̀ ọ́n, mo ti kọ́kọ́ ya ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Reset this PC. Èrò mi ni pé kí n fi nu gbogbo nǹkan, kí n tó wá gbé 11 lé e. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ ò nílò ohunkóhun míì, ẹ mú Remove everything, ẹ mú Cloud download tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá dáa kó lè lọ wá Windows tuntun fúnra ẹ̀, ó lè jẹ nǹkan bíi 4GB lórí data yín, tí data ò bá sí, ẹ mú Local reinstall. Tèmi ò kúrò níbẹ̀ rárá. Ó kàn kọ ọ́ síta pé "Could not find the recovery environment."

Mo wò ó títí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo rí partition kékeré kan nínú Disk Management, kò ju 500MB lé díẹ̀ lọ, kò ní létà, kò ní orúkọ tó yé mi, mo ní kí ló ń jẹ àyè mi, mo fi diskpart, àṣẹ tí wọ́n fi ń tún disk pín, pa á rẹ́, ó kọ̀, mo fi override kún un, ó gbà. Partition Recovery ni. Ohun tó yẹ kó gbà mí lọ́jọ́ tí nǹkan bá le ni mo fọwọ́ ara mi pa nítorí àyè tí fídíò kan ṣoṣo lè gbà. Mo tẹ reagentc /info, àṣẹ tó ń sọ bóyá Recovery wà, nínú Command Prompt, ó ní Disabled. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àṣẹ yẹn lónìí, kódà tí ẹ ò bá fẹ́ ṣe nǹkankan sí kọ̀ǹpútà yín. Tí ó bá ní Enabled, ọkàn yín á balẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí n dáńlódù ISO Windows 11, fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo setup wà nínú ẹ̀, láti ojúlé Microsoft, ó lé ní 5GB. Mo fi certutil -hashfile yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú SHA256, mo fi nọ́ńbà tó gbé jáde wé èyí tí wọ́n kọ sójúlé náà, torí kò sí ohun tó burú tó kí fáìlì tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà wá dá yín dúró sáàárín. Láti Windows 8 ni ISO ti ń ṣí bí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á jáde bíi pé ẹ ti CD bọ inú ẹ̀. Ẹ tẹ setup.exe, tó bá dé ibi Change what to keep, ẹ mú Nothing. Ó parí. Windows tuntun á wọlé, app yín àti fáìlì yín á kúrò lójú, tàtijọ́ á wà nínú Windows.old fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó pa ara ẹ̀ rẹ́. Tí kì í bá ṣe bí disk tèmi ṣe rí ni, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ibẹ̀ ni mi ò bá dúró sí, mo sì ń sọ fún ẹni tó ń ka èyí pé kó dúró síbẹ̀.

Ohun tí disk tèmi ní ni pé SSD 256GB ni, Windows ń pè é ní 238, nígbà tí ẹ bá sì ṣí Disk Management, ẹ máa rí partition EFI kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn níwájú, partition 15GB tí wọ́n ti gbé wá pẹ̀lú laptop látìgbà tuntun, lẹ́yìn ìyẹn partition 22GB tí mo fi dán Linux wò tí mi ò padà sí mọ́, kí ẹ tó wá kan C tó ku. Bí mo bá tiẹ̀ pa àwọn méjì yẹn, C ò lè gba àyè wọn, torí Extend Volume ọ̀tún nìkan ló ń fẹ̀ sí, kò lè fẹ̀ sósì. Kò sí bí setup tó ń ṣiṣẹ́ látinú Windows ṣe lè tò ó. Àfi kí n pa gbogbo ẹ̀ kí n tún un pín.

Ẹnìkan ló ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀, ó kàn sọ lójú ọ̀nà pé ìgbà tí Recovery bá ṣí, tí ẹ bá ṣí Command Prompt ibẹ̀, lẹ́tà X ni ẹ máa rí. Mo bi í pé X yẹn dà lórí disk? Ó ní kò sí lórí disk, inú RAM ló wà. Ara mi gbọ̀n. Tó bá jẹ́ inú RAM ló wà, a jẹ́ pé mo lè dúró níbẹ̀ kí n pa gbogbo disk, kí n ṣá ti rí ibi kan fi fáìlì setup pamọ́ sí tí mi ò ní pa.

Ibi tí mo fẹ́ fi wọ́n sí ni ìparí C. Mo fẹ́ gé 60GB níbẹ̀. C ní àyè tó tó 90GB lófìfo, ṣùgbọ́n Shrink Volume ní 6GB nìkan lòun lè fún mi. Mo rò pé disk ló ti bàjẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn fáìlì kan wà tí Windows kì í ṣí nípò, fáìlì tó ń lò fún hibernate, pagefile tó fi ń ran RAM lọ́wọ́, àti àwọn restore point, ibi tí èyí tó jìnnà jù nínú wọn bá jókòó sí ni gígé máa dúró. Mo tẹ powercfg /h off, mo pa pagefile, mo pa System Protection tó ń ṣe restore point, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ó wá fún mi ní ju 70GB lọ. Mo gé 60, mo ṣe é ní NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì, mo sì fún un lórúkọ, TITUN. Orúkọ yẹn ló gbà mí lẹ́yìn náà, ẹ ṣì máa rí i.

Mo da gbogbo ohun tó wà nínú ISO sínú TITUN. Àwọn kan á ní kí ẹ lo FAT32 dípò NTFS, ìyẹn wúlò tí ẹ bá fẹ́ kí UEFI (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ṣùgbọ́n FAT32 ò gba fáìlì tó bá tó 4GB, install.wim, fáìlì tí Windows fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀, sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, á di pé ẹ ń fi àṣẹ DISM gé e wẹ́wẹ́. Tó bá jẹ́ látinú Recovery lẹ ti fẹ́ pè é, NTFS ti tó.

Ó wá ku kí n dá Recovery tí mo pa padà. Mo dáńlódù ISO Windows 10 nítorí fáìlì kan ṣoṣo, mo fi 7-Zip ṣí install.wim ẹ̀, mo wọ Windows, System32, Recovery, mo fa Winre.wim, tó jẹ́ Recovery fúnra ẹ̀, jáde, mo gbé e sí ojú ibi kan náà lórí C, mo tẹ reagentc /setreimage pẹ̀lú ojú ọ̀nà ẹ̀, mo tẹ reagentc /enable, ó ní ó ti ṣeé ṣe. Mo pariwo nínú yàrá.

Kí n tó tẹ reagentc /enable yẹn, mo ti kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ BitLocker, ìtìpa tí Windows ń fi sórí disk. Mo tẹ manage-bde -status, mo bá a pé C wà lábẹ́ ìtìpa, èmi tí mi ò tì í rí láyé mi. Ọ̀pọ̀ laptop ló ti ń ti ara wọn fúnra wọn tí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá dé inú Recovery, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín, tí ẹ ò bá sì kọ ọ́ síbì kankan àfi inú laptop kan náà, ẹ ti há. Mo lọ kọ tèmi sínú ìwé láti àkáǹtì mi lórí fóònù, lẹ́yìn náà mo tẹ manage-bde -off C: kó tú u pátápátá. Ó gbà tó wákàtí kan.

Fáìlì mi wá ńkọ́? Ìwé iṣẹ́ àti fọ́tò mi jẹ́ 38GB. Mo kó o sínú TITUN, ọkàn mi balẹ̀, mo ní mo ti ṣe backup. Ìdajì òru ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó pé backup wo? Orí disk kan náà ni, ìka kan ṣoṣo tó bá ṣìnà nínú setup ló máa kó ojúlówó àti ẹ̀dà lọ pọ̀. Mo dìde, mo yan ohun tí mi ò lè rí mọ́ láyé tó bá sọnù, ó jẹ́ bíi 11GB, Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, tèmi ò tíì kún, mo ń gbé e lọ síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wá mú fóònù, mo ṣí mẹ́fà méje nínú wọn láti rí i pé wọ́n ṣí lóòótọ́. Èyí tó kù, mo fi sọ́wọ́ Ọlọ́run àti TITUN.

Ohun ìkẹyìn tí mo ṣe nínú Windows àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Mo ṣẹ̀dá fóldà kan lórí TITUN, mo tẹ dism /online /export-driver, mo ní kó kó gbogbo driver síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Sátidé ní ọ̀sán ni mo di Shift mú tí mo sì tẹ Restart. Troubleshoot, Advanced options, Command Prompt. X jáde lóòótọ́. Mo tẹ diskpart, mo tẹ list vol, mo wo ohun tó wà níwájú mi, àyà mi já. C tí mo mọ̀ ti di D. TITUN tó ti jẹ́ D látàná ló ń jẹ́ C báyìí. Ṣé ẹ rí i, létà yẹn kì í ṣe ara disk, Windows tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń pín in bó ṣe wù ú, Recovery sì ní ìpín tiẹ̀. Ká ní mo ti há a sórí pé "C ni kí n pa," TITUN ni mi ò bá pa, pẹ̀lú setup, pẹ̀lú fáìlì mi, pẹ̀lú driver. Orúkọ tí mo fún un àti ìwọ̀n ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, 60GB, TITUN, MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN, mo gbé ìwé náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ laptop.

Mo jáde kúrò nínú diskpart, mo pe sources\setup.exe lórí TITUN, ó ṣí. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti to àwọn partition sílẹ̀, kò sí létà níbẹ̀ mọ́ rárá, nọ́ńbà àti ìwọ̀n nìkan. Mo ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí n bá ti pa ọ̀kan tán, nọ́ńbà àwọn tó kù lè yí, mo ń padà ka ìwé mi kí n tó tẹ èyí tó kàn. EFI lọ, 15GB yẹn lọ, Linux lọ, Windows àtijọ́ lọ. Gbogbo ẹ̀ papọ̀ di àyè òfìfo 178GB kan ṣoṣo, TITUN nìkan ló kù lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lára mi níbẹ̀, torí àwọn tó ń kọ́ni ní nǹkan yìí kì í dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí EFI ti lọ títí di ìgbà tí setup máa kọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà tàn, kò sí ohun tí laptop yẹn lè tàn sí. Gbogbo ohun tó ń gbé e dúró wà nínú RAM, tí iná bá sì lọ lára ẹ̀, RAM á ṣófo. Ẹni tó ní fláàṣì á kàn tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Èmi, á di pé mò ń lọ yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Mo ti rí i pé bátìrì kún ní 100% kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣájà sì wà lára ẹ̀, síbẹ̀ mi ò kúrò níwájú ẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá nítòsí wáyà. Ìṣẹ́jú bí ogún ni. Tí bátìrì yín bá ti kú tó jẹ́ ṣájà nìkan ló ń gbé e, ẹ má ṣe ọ̀nà yìí, ẹ lọ wá fláàṣì.

Ó tún ara ẹ̀ tàn. Ó béèrè èdè, ó béèrè keyboard, ó ní kí n yan Wi-Fi, kò sí Wi-Fi kankan níbẹ̀. Mo ti ń retí ẹ̀. Mo tẹ Shift àti F10 pọ̀, Command Prompt jáde, mo yẹ létà wò kí n tó tẹ ohunkóhun, TITUN ti padà di D, mo tẹ pnputil /add-driver, mo tọ́ka sí fóldà driver, mo fi /subdirs /install parí ẹ̀, ó ń gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe padà sẹ́yìn báyìí, orúkọ Wi-Fi mi yọ. Tí driver ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn kí ẹ ṣí USB tethering, ó sábà máa ń gbà. Láìsẹ́nsì ò yọ mí lẹ́nu, Windows Home ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home ni mo tún yàn, bó ṣe rí íntánẹ́ẹ̀tì ló mọ̀ mí. Ká ní mo yan Pro ni, kò ní gbà.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé tí gbogbo ẹ̀ bá parí, màá pa TITUN kí C fẹ̀ dé ibẹ̀. Extend Volume ò ṣeé tẹ̀. Setup ti fi partition Recovery tuntun sáàárín C àti TITUN. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Mo wò ó, mo pa Disk Management dé. TITUN ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, fáìlì mi ń gbé inú ẹ̀, setup náà ń gbé inú ẹ̀.

Laptop ń tàn kí n tó ka ogún. Inú mi dùn gidi gan-an.

Sọ́ńdè ní alẹ́ ni mo ṣí Sticky Notes. Ó ṣófo. Mi ò rántí ẹ̀ rárá, torí mi ò kà á sí fáìlì, ó kàn máa ń wà lójú laptop ni, bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Inú AppData ló ń pamọ́ sí, Local, Packages, fóldà kan tó lórúkọ gígùn, LocalState, fáìlì kan tó ń jẹ́ plum.sqlite. Mi ò ṣí AppData wò kí n tó pa á, mi ò sì tíì fi àkáǹtì wọlé nínú app yẹn gan-an kó lè gbé e lọ sókè. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo ń tẹ̀ bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ìtàn bí òun àti màmá mi ṣe pàdé, mo tẹ gbogbo ẹ̀, àní bí wọ́n ṣe ń dánu dúró rẹ́rìn-ín.

Mo pè wọ́n ní Mọ́ńdè lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìtàn yẹn sọ fún mi." Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé ni. Mo ní rárá, ó sọnù ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibòmíì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọn ò dárúkọ nígbà yẹn, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ sínú fáìlì tuntun kan lórí TITUN, ẹ̀dà kan sì ń lọ sí Google bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.